Gúgúrú funfun ló kún fọ́tò rélùwéè tí mo yà lójò lálẹ́: kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìyá Ìbejì Onífọ́tò, Àgbádárìgì

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe ní Àjàrà níbí: ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, pásípọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹsàn-án 2023 tí rélùwéè Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina ni ó ti ń wù mí kí n yà á lálẹ́, lójò. Mo rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti inú bọ́ọ̀sì. Gbogbo fèrèsé rẹ̀ tàn, omi ń ṣàn lára rẹ̀, àdúgbò sì ṣókùnkùn biribiri. Kò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì láti róńdà Àgbádárìgì lọ sí Mile 2. Ẹ mọ ọ̀nà wa. Ó gbà mí ju wákàtí mẹ́ta lọ. Òjò dé lóòótọ́. Mo ki fíláàṣì mọ́ orí kámẹ́rà, mo ń yà á lọ. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, díẹ̀ ló kù kí n sunkún. Ọkọ̀ náà di ọ̀já funfun kan tí kò lórí tí kò nídìí. Iwájú rẹ̀ kún fún nǹkan róbótó funfun, bí ìgbà tí ọmọdé da gúgúrú sílẹ̀. Òjò tí mo fi ojú ara mi rí, tó ń já wálẹ̀ bí òwú, kò sí níbẹ̀ rárá.

Nikon D750 ni kámẹ́rà mi, lẹ́ǹsì 50mm f/1.8. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Winnipeg ní irú ìṣòro yìí pẹ̀lú òjò dídì, ó ní kí n bá òun béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́.

Bàbá Kúnlé, Ìkòròdú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ọ̀nà. Fíláàṣì yẹn ló ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ̀kán òjò tó wà nítòsí lẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ gba iná, ó sì dá a padà sínú lẹ́ǹsì. Ó sún mọ́ yín jù, lẹ́ǹsì ò lè mú un dáadáa, ló bá wú di róbótó. Iná yín ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀.

Ẹ ro bí ẹ ṣe máa ń mọ̀ lálẹ́ bóyá òjò ṣì ń rọ̀. Ẹ kì í wo ojú ọ̀run. Ẹ̀bá iná òpópónà lẹ máa ń wò, ibẹ̀ lòjò ti ń hàn, torí pé ẹ̀yìn òjò ni iná wà, òkùnkùn sì yí i ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe dúró: kí iná wà ní ọ̀ọ́kán yín, kí òjò wà láàrin, kí ohun dúdú wà lẹ́yìn. Iná iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ti tó fún yín. Abẹ́ òrùlé ibùdókọ̀ ni kẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ kọjú síta.

Shutter ni ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí iná lè wọ inú kámẹ́rà. Bó bá ṣí fún 1/60 ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á fà bí òwú ìránṣọ. Ní 1/500, á di àmì kékeré tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé òjò ni. Bí ẹ bá ṣí shutter sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 8, òjò á pòórá pátápátá, ilẹ̀ tútù nìkan ni yóò máa dán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/60, f/2 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó), ISO 3200 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), kẹ́ ẹ fúnra yín sì tò ó, torí iná iwájú ọkọ̀ máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Ẹ fi àkọlé ibùdókọ̀ mú ojú lẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ wá pa autofocus, èyí tó ń fúnra rẹ̀ mú ojú lẹ́ǹsì, kó má bàa máa wá ẹ̀kán òjò kiri.

Kì í ṣe pé fíláàṣì burú o. Ará Amẹ́ríkà kan, O. Winston Link, fi ya rélùwéè tó ń jẹ èédú lóru, ti Norfolk and Western, láàrin 1955 sí 1960. Ṣùgbọ́n ó máa ń to gílóòbù rẹ̀ káàkiri ẹ̀gbẹ́ ojú irin, á fi wáyà so wọ́n kí wọ́n lè bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ẹ̀gbẹ́ niná ti ń wá. Láyé fíìmù tí mò ń wo àwọn fọ́tò yẹn, mo máa ń fi ìka tọ òjìji wọn kí n lè mọ ibi tó gbé gílóòbù sí.

Adé Winnipeg

Ẹ kú òtútù tiwa o. Ọmọ Ìkòròdú ni mí, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Canadian ni mo máa ń yà níbí, èyí tó ń ti Toronto lọ sí Vancouver. Irin tí kì í dípẹtà ni ara rẹ̀, gbogbo iná ibùdókọ̀ ló ń hàn níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín: kó pa fíláàṣì, kó sì lọ sí 1/15, torí òjò dídì kì í yára bọ́ bí òjò ilé wa. Bí ilẹ̀ bá funfun, kámẹ́rà á sọ ọ́ di eérú ààrò. Kó fi stop kan kún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kó fi bátìrì kejì sápò inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, òtútù máa ń pa á kíákíá. Bó bá fẹ́ wọlé, kó ti di kámẹ́rà sínú ọ̀rá láti ìta, kó má sì tú u títí yóò fi móoru. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìrì á sẹ̀ sí i. Bí ẹ ṣe ń gbé kámẹ́rà jáde látinú yàrá éésì lẹ́ẹ̀rùn tójú lẹ́ǹsì ń ṣú náà nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi kún un: ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ibùdókọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde. Ẹ má bù fíláàṣì sójú awakọ̀ láé. Ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ sójú irin nítorí fọ́tò, irin kẹta tó wà níbẹ̀ ni iná mànàmáná ń gbà.

Ìyá Ìbejì Onífọ́tò, Àgbádárìgì

Bàbá Kúnlé, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, mo padà lọ lálẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ̀ṣọ́ náà gbà mí láyè, ó ní kí n ṣáà má kọjá ìlà etí pèpéle. Mo ki kámẹ́rà sínú ọ̀rá búrẹ́dì, mo dá ihò sí i fún lẹ́ǹsì, mo fi rọ́bà dè é lọ́rùn.

Nígbà tí iná ọkọ̀ yọ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo òjò tí mi ò rí tẹ́lẹ̀ dìde dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré. Nínú èyí tó dáa jù, obìnrin kan kẹ̀yìn sí mi, ó dorí agboòrùn rẹ̀ tó ká kodò. Ẹ̀kán omi kan rọ̀ mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, iná ọkọ̀ méjèèjì sì wà nínú ẹ̀kán yẹn, wínníwínní. Ẹ̀yìn rẹ̀ lòjò ti ń já bí òwú.

Iná iwájú ọkọ̀ ṣì mọ́lẹ̀ jù, ó gbé ojú fèrèsé awakọ̀ mì. Mo máa dín ISO kù sí 1600. Àbúrò mi ti ra ọ̀rá.