Kí ló ń mú kí ọ̀daràn inú fíìmù má kúrò lọ́kàn ẹni?

Ìbéèrè (Aṣẹ̀ṣẹ̀kọ̀wé)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Fíìmù ọ̀daràn kan wà, ìbọn ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ kò ní tó ọ̀sẹ̀ kan téèyàn á ti gbàgbé ẹ̀. Òmíràn wà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kàn ń bára wọn sọ, àmọ́ ojú ọ̀daràn náà ò ní kúrò níwájú ẹni. Kí ló fà á? Ṣé òṣèré ni àbí òǹkọ̀wé? Mo fẹ́ kọ ọ̀kan, ohun tó ṣeé lò ni mo ń bèèrè.

Èsì (Akọ̀wé-eré)

Òǹkọ̀wé ló ń kọ́kọ́ ṣe é, òṣèré á wá fi iyọ̀ sí i. Ẹ wo *The Silence of the Lambs* (1991) tí Jonathan Demme darí. Hannibal Lecter, dókítà ọpọlọ tó ń pa èèyàn jẹ, ò pẹ́ lójú wa rárá nínú fíìmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, síbẹ̀ Anthony Hopkins fi gba Oscar.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n ṣe kó tó yọjú. Clarice Starling ń kọ́ṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní FBI ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì rán an sí Lecter. Ọ̀gá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Dókítà tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn tí wọ́n ti Lecter mọ́ ka èèwọ̀ sí i létí: kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gíláàsì, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, ìwé tó rọ̀ nìkan ló lè fún un, kò gbọdọ̀ sí bíírò, pẹ́ńsù tàbí irin tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀. Ó fi fọ́tò nọ́ọ̀sì tí Lecter ṣe léṣe hàn án. Àwa ò rí fọ́tò náà, ojú Clarice là ń wò. Dókítà náà ní nígbà tí Lecter ń jẹ ahọ́n obìnrin yẹn, ìlù ọkàn rẹ̀ ò kọjá 85 ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà yẹn nìkan tó.

Ẹ̀yìn èyí la wá bá Lecter, ó dúró ṣánṣán, irun rẹ̀ mọ́ lórí, ó sì kí i pé káàárọ̀. Ká ní ó ń pariwo ni, gbogbo ìpalẹ̀mọ́ yẹn ì bá ṣòfò.

Ohun kejì: ó ní ohun tó ń wá. Clarice ń wá Buffalo Bill, apànìyàn mìíràn tí ọwọ́ ò tíì tẹ̀. Lecter ń fẹ́ yàrá tó ní fèrèsé. Torí náà ọ̀rọ̀ wọn di pàṣípààrọ̀. Ọ̀daràn tí kò fẹ́ nǹkan kan ju kó ṣáà burú lọ, ojú ẹsẹ̀ ló ń sú èèyàn.

Èsì (Olóòtú-àwòrán)

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fojú di kámẹ́rà. Nínú fíìmù yẹn, àwọn ọkùnrin tó ń bá Clarice sọ̀rọ̀ sábà máa ń wo inú kámẹ́rà gan-an. Òun máa ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ipò Clarice làwa òǹwòran wà, àwa ni Lecter tẹjú mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ yan ìgbà tí ẹ máa lò ó. Tí gbogbo èèyàn bá ń wo kámẹ́rà láìnídìí, á dà bí ẹni tó ń ka ìròyìn.

Ẹ tún wo ibi aago ẹnu ọ̀nà. Àwọn FBI yí ilé kan po ní Calumet City, Illinois. Ọ̀kan nínú wọn múra bí ẹni tó gbé òdòdó wá, ó tẹ aago. Aago dún nílé Bill. Bill gòkè wá ṣílẹ̀kùn, Clarice nìkan ló bá, ní Ohio! Ilé tí àwọn yòókù já wọ̀ ṣófo. Ìta ilé kan àti inú ilé kejì ni wọ́n ń fi hàn wá, ìró aago ló so wọ́n pọ̀. Tí ẹ bá ṣèèṣì fi iwájú ilé kejì hàn kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ó ti bàjẹ́.

Èsì (Etí-ló-ń-wòran)

Ohùn náà ńkọ́? Nínú *M*, fíìmù Jámánì tí Fritz Lang ṣe ní 1931, òjìji apànìyàn tó ń pa àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ bọ́ sórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ pé wọ́n ń wá a. Ikú ọmọ tó pa ò hàn. Àwo tó ṣófo lórí tábìlì, bọ́ọ̀lù tó yí jáde látinú koríko, bàlúùnù tó há sára wáyà: ó parí. Súfèé tó máa ń fọn ni afọ́jú tó ń ta bàlúùnù fi dá a mọ̀ níkẹyìn. Orin tí kò bani lẹ́rù rárá ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì jẹ́ ká gbọ́ ọ kí aburú tó ṣẹlẹ̀.

Èsì (Ọmọ-Àgbègbè)

Ti ọ̀daràn tí a ti mọ̀ lẹ ń sọ. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń bá wọn jẹun ńkọ́? Ẹni tí kò tíì wo *The Figurine (Aráròmirẹ́)* tí Kúnlé Afọláyan ṣe (2009), kó fo ibí yìí. Fẹ́mi àti Ṣọlá rí ère Aráròmirẹ́ nígbà tí wọ́n jẹ́ àgùnbánirọ̀: ọdún méje oríire, ọdún méje òfò. Gbogbo wa tẹjú mọ́ ère, a ò wo Fẹ́mi. Bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ tó ní sí Mona, ìyàwó Ṣọlá, ò farasin. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ gbé ìdí ọ̀rọ̀ sójú táyé, kí ẹ sì fún wa ní nǹkan mìíràn tí a ó máa bẹ̀rù. Gbogbo àmì tí ẹ bá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ mìíràn tó bọ́gbọ́n mu.

Aṣẹ̀ṣẹ̀kọ̀wé

Ẹ ṣé gan-an. Ṣé dandan ni kí n sọ ìyà tó jẹ ọ̀daràn náà ní kékeré?

Akọ̀wé-eré

Rárá. Wọn ò sọ ti Lecter nínú fíìmù yẹn. Ti Clarice ni wọ́n sọ: bàbá ọlọ́pàá tí wọ́n pa, ọ̀dọ́ àgùntàn tó ń ké lóru. Lecter ló ń fi ìbéèrè fà á jáde lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń lépa ọ̀daràn ni kí ẹ kọ ìtàn ìgbà èwe fún, kí ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan.