Ẹ gbà mí o, constructor ò jẹ́ kí n rí oorun sùn (unit test fún controller)

Ọmọ Odò Ọ̀nà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú látọ̀sán àná, díẹ̀ ló kù kí n ju láptọ́ọ̀pù yìí gba ojú fèrèsé. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní kí n kọ unit test (kóòdù kékeré tó ń yẹ kóòdù míì wò) fún controller kan (kíláàsì tó ń dá request, ìyẹn ìbéèrè tó wọlé sí app, lóhùn), ASP.NET Core ni, xUnit (tó ń mú test ṣiṣẹ́) àti Moq (tó ń ṣe mock, ìyẹn ayédèrú nǹkan tí kóòdù ń lò) la ń lò. Mi ò kọ test rí láyé mi, mo ṣáà rò pé kékeré ni. Mo bẹ̀rẹ̀ báyìí:

var controller = new OrderController();

Kíá ló ti pọ́n, àṣìṣe CS7036, ó ní mi ò fún constructor (apá kíláàsì tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bá a bá pe "new") ní nǹkan tó ń béèrè, ìyẹn parameter tó ń jẹ́ service. Mo ní kò burú, mo wá ṣe new OrderController(new OrderService()), OrderService náà ní òun fẹ́ DbContext (tó ń bá database sọ̀rọ̀), DbContext ní òun fẹ́ options, àfi bí ẹni tó lọ tọrọ iyọ̀ nílé aládùúgbò tí wọ́n ní kó lọ gbé ìkòkò wá, ó gbé ìkòkò dé wọ́n tún ní igi ńkọ́. Ìgbà tó yá mo rántí Moq:

var svc = new Mock<OrderService>();
var controller = new OrderController(svc.Object, null);

Èyí build o, inú mi ti ń dùn, àmọ́ bí mo ṣe ní kí test máa lọ ló kọ "Can not instantiate proxy of class: OrderService. Could not find a parameterless constructor." App fúnra ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa o, kí ló dé tó jẹ́ inú test nìkan ló ti ń ya wèrè? Constructor controller náà rèé:

public OrderController(IOrderService service, ILogger<OrderController> logger)

Jagun Kóòdù:
Fi constructor òfìfo sínú OrderService, ó parí. Ohun témi máa ń ṣe nìyẹn.

Ìyá Ìbejì:
Háà, ẹ̀gbọ́n Jagun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Tó bá fi òfìfo síbẹ̀, DbContext inú ẹ̀ á wà ní null, lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá ṣèèṣì lo constructor yẹn nínú kóòdù gidi, NullReferenceException ló máa pàdé, ojú kọ́sítọ́mà ló sì máa ti ṣẹlẹ̀. Ṣé torí test nìkan la ṣe máa lu ihò sára ògiri ilé ni?

Jagun Kóòdù:
Ẹ má bínú màmá, mo ti gbọ́ 😂

Bàbá Tẹ́ẹ̀sì:
Ọmọ Odò Ọ̀nà, fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ ò le. Lọ ṣí Program.cs, wàá rí ìlà kan tó jọ builder.Services.AddScoped<IOrderService, OrderService>(). Ìlà yẹn ló ti ń ṣe ìránṣẹ́ fún ẹ látọjọ́ yìí láìjẹ́ pé o mọ̀. Bí request bá wọlé, container (apá ASP.NET Core tó ń kó ohun tí constructor ń fẹ́ wá) á wo constructor controller, á rí i pé ó ń fẹ́ IOrderService, á lọ mú OrderService wá, á tún wo ohun tí òun náà ń fẹ́, á kó o wá, títí gbogbo ẹ̀ á fi pé. Kò sí container kankan nínú test ẹ, "new" lásán lo pè, ìwọ fúnra ẹ lo máa kó ẹrù yẹn fún un.

Ibi tó o ti ṣi ẹsẹ̀ gbé gan-an ni Mock<OrderService>. Wo constructor tó o lẹ̀ síbẹ̀ yẹn, ṣé OrderService ló béèrè? IOrderService ló béèrè, interface ni (àkọsílẹ̀ àwọn method tí kíláàsì gbọ́dọ̀ ní). Tó o bá fún Moq ní kíláàsì, ṣe ló máa dá kíláàsì míì tó jogún tìẹ, ọmọ ò sì lè délé ayé kí constructor bàbá ẹ̀ má ṣiṣẹ́, ìyẹn ló fi ń wá èyí tí kì í gba nǹkan kan, kò rí i, ló bá fariwo ta. Interface ò ní constructor rárá, kò sí wàhálà yẹn níbẹ̀. Kódà ká ní kíláàsì yẹn gbà, method tí kì í bá ṣe virtual (èyí tí kíláàsì ọmọ lè yí padà), Moq ò ní lè Setup ẹ̀ (sọ ohun tó máa dá padà). Ṣe báyìí:

var svc = new Mock<IOrderService>();
var controller = new OrderController(svc.Object, NullLogger<OrderController>.Instance);

NullLogger wà nínú Microsoft.Extensions.Logging.Abstractions. Má fi null síbẹ̀, ọjọ́ tí controller bá fẹ́ log nǹkan (kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀) ni test ẹ máa ṣubú, wàá wá máa wá ẹni tó tì í.

Ọmọ Odò Ọ̀nà:
Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun gan-an, mo ṣe é, ó tún ní CS1503, ó ní òun ò lè sọ Moq.Mock<IOrderService> di IOrderService 😩

Ìyá Ìbejì:
O gbàgbé .Object, òun ló ń mú ayédèrú IOrderService gan-an jáde látinú Mock. Mo fi owó lé e.

Ọmọ Odò Ọ̀nà:
Ẹ jẹ owó yín mà 🙈 Ó lọ wàyí. Mo wá ní kí n má máa kọ ìlà méjì yẹn nínú gbogbo test, mo fi IOrderService sínú constructor kíláàsì test mi bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú controller, xUnit ní "The following constructor parameters did not have matching fixture data". Kí lèyí tún ni o?

Bàbá Tẹ́ẹ̀sì:
xUnit ò mọ Program.cs ẹ rí, ta ló máa bá a mú IOrderService wá? Fixture (ohun tí àwọn test jọ ń lò) tó o bá fi IClassFixture kéde fún un ló mọ̀, àti ITestOutputHelper (tó ń kọ ọ̀rọ̀ jáde látinú test) tiẹ̀ fúnra ẹ̀, irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí constructor kíláàsì test gba parameter kankan, inú ẹ̀ ni kó o ti dá mock àti controller. xUnit máa ń dá kíláàsì yẹn lọ́tun fún test kọ̀ọ̀kan, Setup test àkọ́kọ́ ò ní kó èérí bá ìkejì.

Àjọkẹ́ Backend:
Ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu yín sọ temi. Controller tèmi ń gba UserManager (kíláàsì tó ń bójú tó àwọn tó ń lo app), kò sì ní interface. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ìyá Ìbejì:
Àǹtí, ìyẹn le díẹ̀. Nǹkan 9 ni constructor ẹ̀ ń gbà. Ẹ mock IUserStore, kẹ́ ẹ fi null 8 tẹ̀lé e:

new Mock<UserManager<AppUser>>(store.Object, null, null, null, null, null, null, null, null)

Kò dára lójú, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́, torí àwọn method ẹ̀ jẹ́ virtual. Èmi o, mo máa ń dá interface kékeré tèmi síwájú ẹ̀, kí n má máa ka null bí ẹni ń ka ayò.

Jagun Kóòdù:
Kẹ́ ẹ sì má gbàgbé o, bí action yín bá ń lo User.Identity.Name, null ni User nínú test, ẹ máa rò pé constructor ló tún dé. Ẹ fi ControllerContext tó ní DefaultHttpContext (tó dúró bíi request òfìfo) sára controller. Ìyẹn jẹ mí níyà rí fún odindi ọjọ́ kan.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n Jagun ti sọ òótọ́ lónìí o 😂

Ọmọ Odò Ọ̀nà:
Gbogbo ẹ̀ ti di àwọ̀ ewé o, wọ́n yege, test 3, kò séyìí tó pọ́n! Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo lọ fi han ọ̀gá wa, ó wò ó, ó ní ó dáa, ó ku controller 14.