Òjò yìnyín ba mọ́tò mi jẹ́ lánàá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Tuntun
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. N kò tíì pé ọdún kan lókè òkun. Lánàá, ooru mú gan-an títí di ìrọ̀lẹ́, àfi bí ojú ọ̀run ṣe ṣú dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn kọ́kọ́ jà, lẹ́yìn náà ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó tó ẹyin adìyẹ. Èyí tí mo mọ̀ ní kékeré kò ju èkùrọ́ lọ, a máa ń sáré ṣà á ni. Mo gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo sáré jáde kí n fi bo mọ́tò, ni ọ̀kan bá bà mí léjìká. Ó ṣì wú títí di ìsinsìnyí. Gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò fọ́, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì sì kún fún kòtò wẹ́wẹ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Kí ló sì dé tí yìnyín fi ń já nínú ooru?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi, kú ewu. Jọ̀ọ́, má sáré jáde nítorí mọ́tò mọ́ láyé. Yìnyín ti pa èèyàn rí, kì í ṣe ẹnì kan tàbí méjì. Ní Moradabad, ní Íńdíà, lọ́dún 1888, òjò yìnyín kan ṣoṣo pa èèyàn 246. Ní Gopalganj, ní Bangladesh, lọ́dún 1986, èyí tó já níbẹ̀ wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ, èèyàn 92 ló kú. Bùláńkẹ́ẹ̀tì wo ló fẹ́ gba ìyẹn dúró? Mànàmáná tún wà níbẹ̀, torí ìkùukùu àrá ló ń bí yìnyín. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, fa kọ́tìnnì, kó àwọn ọmọ kúrò nídìí fèrèsé, kí ẹ wọ yàrá inú lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ojú Ọjọ́
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì yẹn, torí òun ló máa jẹ́ ká mọ ìgbà tó yẹ ká múra. Ooru gan-an ni ìyá yìnyín. Bí ilẹ̀ bá gbóná tí afẹ́fẹ́ sì lọ́rinrin, afẹ́fẹ́ náà á máa ta sókè bí èéfín, ìkùukùu rẹ̀ á sì ga ju kìlómítà 10 lọ. Lókè lọ́hùn-ún, ẹ̀kán omi kan wà tó ti tutù kọjá ibi tí omi ti ń dì, síbẹ̀ tí kò tíì dì. Gbàrà tó bá fara kan hóró yìnyín kékeré, á dì mọ́ ọn lára. Hóró náà á máa sanra, afẹ́fẹ́ tó ń gòkè á máa gbé e dání, títí ìwúwo rẹ̀ á fi borí agbára afẹ́fẹ́.

Ẹ la ọ̀kan sí méjì, ẹ ó rí ìpele lára rẹ̀ bíi ti àlùbọ́sà. Ibi tí omi ti yára dì, afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, ó funfun. Ibi tó ti rọra dì, afẹ́fẹ́ ráyè jáde, ó mọ́ gaara. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé lílọ sókè sódò lọ́pọ̀ ìgbà ló ń fa ìpele yẹn, àmọ́ kò pọn dandan. Kí ó kàn gba oríṣiríṣi ibi kọjá nínú ìkùukùu kan náà ti tó.

Ìjì tó ń yí po, tí wọ́n ń pè ní supercell, ló ń bí èyí tó tóbi jù. Ọ̀kan já ní Vivian, South Dakota, ní Amẹ́ríkà, ní July 23, 2010, ó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Àbúrò, ti èkùrọ́ tí o sọ: ní ilẹ̀ olóoru, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 5 sókè kí omi tó lè dì, nítorí náà yìnyín á ti yọ́ púpọ̀ kó tó délẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a wà báyìí, ìgbà ìrúwé sí ìgbà ooru, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, ni kí ẹ máa ṣọ́ ojú ọ̀run. Ìgbà tí ìkìlọ̀ bá wọlé sórí fóònù ni kí a gbé mọ́tò sábẹ́ òrùlé, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ń já.

Awakọ̀ Ọkọ̀ Ẹrù
Tó bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ dín eré kù, torí bí ẹ bá ṣe ń sáré tó ló ṣe máa lu gíláàsì tó. Ẹ yà sí ilé epo tó ní òrùlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró sábẹ́ bíríìjì ní ọ̀nà márosẹ̀. Mo ti rí i tí gbogbo mọ́tò rọ́ síbẹ̀, ọ̀nà dí pa, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ríran.

Tí kò bá síbi ìsádi, ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ kọjú mọ́tò síbi tí yìnyín ti ń bọ̀. Gíláàsì iwájú jẹ́ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ọ̀rá tín-ínrín wà láàárín; ó lè sán, àmọ́ kì í sábà tú ká. Ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn ló ń fọ́ yángá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ẹ fi aṣọ bojú, ẹ má sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Tuntun
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ti owó àtúnṣe ńkọ́?

Ìyá Ìbejì
Wo ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ. Èyí tó kàn ń sanwó fún mọ́tò ẹlòmíràn tí o bá kọlù kò ní san kọ́bọ̀ fún yìnyín. Comprehensive ló ń san án. Wo iye tí ìwọ fúnra rẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san kí wọ́n tó dá sí i, torí bí àtúnṣe kò bá tó iye yẹn, kò sídìí láti béèrè. Ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ lónìí, fi ọ̀rá bo ojú gíláàsì tó fọ́ kí òjò má wọlé, tọ́jú rìsíìtì, kí o pè wọ́n. Ti àwọn kòtò yẹn, bí ọ̀dà kò bá tíì sán, wọ́n lè ti irin náà padà láti inú láìtún mọ́tò kùn.

Àwọn tó ní ilé, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń kanlẹ̀kùn lẹ́yìn ìjì pé àwọn fẹ́ gun òrùlé yín wò. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan gba ìdajì owó lọ́wọ́ wa, a kò rí i mọ́. Ó dùn mí títí dòní. Ẹ pe ìnṣọ́ránsì yín ná, ẹ má fọwọ́ síwèé lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ Tuntun
Mo ti ya fọ́tò. Yìnyín mẹ́ta wà nínú fírísà mi láti àná, ṣé wọ́n wúlò?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ojú Ọjọ́
Wọ́n wúlò. Gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ibi tó fẹ̀ jù, kí o yà á. Àjọ ojú ọjọ́ máa ń fẹ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú aago tó já àti àdúgbò.

Ìyá Ìbejì
Èjìká yẹn ńkọ́? Ṣé o lè gbé apá sókè? Tí o kò bá lè gbé e, lọ rí dókítà lálẹ́ òní. Mọ́tò lè dúró dọ̀la.