Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wákàtí méjì la fi ń ṣèpàdé lórí fóònù, kò sí ohun tó ń yanjú

Aláṣọ_Òkè
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ aṣọ òkè là ń ṣe. Àwọn ahunṣọ wa wà ní Ìsẹ́yìn, télọ̀ méjì wà ní Sùúrùlérè, àbúrò mi obìnrin ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ní London, ẹnì kan sì wà ní Houston. Mẹ́jọ ni gbogbo wa. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣèpàdé, wákàtí méjì gbáko. Bó bá di ọjọ́ Ajé, kálukú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "Ṣé kí n gé e ni, àbí kí n dúró?" Lóṣù tó kọjá, ẹtù ni oníbàárà bèèrè, àlàárì ni wọ́n hun. Ojú gbogbo wa la sì ṣe sọ ọ́ nípàdé! Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín?

Akọ̀wé_Àgbà
Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀? Mo rò pé kò sí. Ẹ yan ẹnì kan. Kó má kọ gbogbo ohun tí ẹ bá sọ o, ìpinnu nìkan ni kó kọ. Bí tiwa ṣe máa ń rí nìyí:

"Aṣọ ìyá ìyàwó, Leeds. Ẹtù. Ìró kan, gèlè mẹ́fà. Bàbá ló máa hun ún. Kó dé Èkó lọ́jọ́ 14."

Kí ìpàdé tó tú, akọ̀wé á kà á sókè, ẹni tí wọ́n bá dárúkọ á dáhùn pé "mo gbọ́". Iṣẹ́ tí kò bá ti ní orúkọ ẹnì kan lórí, ẹ má kà á sí ìpinnu. Àlá ni.

Ọmọ_Òkè_Ògùn
Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ. Bí àgbà ahunṣọ bá ti gba ọ̀rọ̀ sọ, ta ló máa já a gbà lẹ́nu ẹ̀? Nínú ìpàdé tiwa, kíkí nìkan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ẹ kú ilé, ẹ kú àtijọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́. Zoom ọ̀fẹ́ sì rèé, ìṣẹ́jú 40 ló ń fún èèyàn. Ẹ ò tíì débi iṣẹ́ tó ti máa lé yín jáde.

Èmi kì í sọ pé kí wọ́n má kíra o, ó burú. Ṣùgbọ́n a máa ń ṣí ìpè sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú àsìkò, kí ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn tètè wọlé. Tó bá di alẹ́ Sátidé, mo ti pe Bàbá lórí ìpè lásán, èmi àti òun nìkan. Mo kí i dáadáa, mo gbọ́ tẹnu ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo máa fi ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀: "Bàbá ní òwú tó wà nílẹ̀ ò lè ká aṣọ márùn-ún." Wọ́n á fi gbólóhùn méjì kún un, ó parí.

Ọ̀kan tún kù. Ọmọṣẹ́ wọn ló mọ̀ pé òwú ti tán, kò sì ní sọ ọ́ níwájú ọ̀gá ẹ̀ láéláé. Ẹ ní kó máa ya àwòrán ohun tó wà lórí òfì ránṣẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kì í rí àgbà fín.

Bọ̀dá_Peckham
Aago ńkọ́? Nàìjíríà kì í yí aago, Ìlú Ọba ń yí i lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta àti oṣù kẹwàá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago kan náà la jọ ń lò pẹ̀lú Èkó. Nígbà òtútù, Èkó fi wákàtí kan ṣáájú wa. Houston, wákàtí mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n fi wà lẹ́yìn Èkó, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà sì ń yí tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ẹ máa kọ aago Èkó nìkan, kí ẹni tó wà lókè òkun ṣírò tiẹ̀. Èmi ti fi kóòtù jókòó sínú mọ́tò rí níparí oṣù kẹwàá, tí mò ń dúró de ìpàdé tó ti parí.

Ìyá_Ìbejì_Ìbàdàn
Ẹ ní kí wọ́n pa kámẹ́rà, ohùn nìkan kì í jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́yìn ẹ̀, kó pa máìkì. Èèyàn 32 ni WhatsApp ń gbà lórí ìpè kan, mẹ́jọ péré lẹ jẹ́. Èyí tí kò bá sì le, ẹ fi fóìsì nóòtù sọ ọ́, ẹ má pèpàdé nítorí ẹ̀.

Akọ̀wé_Àgbà
Fóìsì nóòtù ìṣẹ́jú méje! Ìyá Ìbejì, ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn tán?

Ìyá_Ìbejì_Ìbàdàn
Ahunṣọ tí kì í fẹ́ kàwé ńkọ́ ẹ̀gbọ́n? Ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ kan. Kí akọ̀wé yín ka ìpinnu yẹn sínú ẹ̀ fún wọn.

Akọ̀wé_Àgbà
Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Télọ̀_Mushin
Ẹ má fi kámẹ́rà yan àwọ̀ o. Iná gílóòbù máa ń pa àwọ̀ dà. Kí wọ́n gbé òwú síta lọ́sàn-án, kí wọ́n fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí wọ́n wá yà á. Àmọ́ Aláṣọ_Òkè, ẹtù dúdú bí aró, àlàárì pupa. Kò sí kámẹ́rà tó lè da ìyẹn rú. Ẹ lọ bi ahunṣọ yẹn bóyá ó tiẹ̀ wà lórí ìpè nígbà tí ẹ sọ ọ́.

Aláṣọ_Òkè
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo bi í. Wọ́n mú iná lọ, ìpè já mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgbà tó máa padà wọlé a ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó. Ó bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Ṣé bíi ti tẹ́lẹ̀ náà ni?" Ìyẹn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ti tẹ́lẹ̀, àlàárì ni.

Àbúrò mi ní òun ò ṣe akọ̀wé láéláé. Ọmọṣẹ́ télọ̀ ló gbà á, ọwọ́ ẹ̀ sì yá lórí fóònù. Sátidé ni mo máa pe Bàbá.