Ṣé ó ń jẹ ni àbí ó ń jẹ̀? Ọ̀rọ̀ orúkọ sugar glider

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí orúkọ tá a máa fún sugar glider, ẹran kékeré orí igi tó wà ní Ọsirélíà yẹn. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìpẹru ní ká pè é ní ọ̀kẹ́rẹ́ alápò, àǹtí wa ará Ṣàgámù ní rárá, agbọ́mọsápò ni, torí inú àpò ikùn ẹ̀ ló ń gbé ọmọ sí.

Ẹ má bínú sí mi, àǹtí. Lánàá mo pe orúkọ yẹn létí ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń rin ewùrà tí wọ́n fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́, ńṣe ni wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ní, "Àdúgbò wo ni wọ́n ti mú un?" Gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n gbọ́! Ọlọ́mọlápò ni màá fara mọ́, ó sì máa gba gbogbo ẹbí wọn, títí kan kangarú. Alápò lásán ò tó, òkété tiwa náà lápò, àmọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni tiẹ̀ wà, oúnjẹ ló ń kó sí i.

Ti ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Wọ́n jọra lóòótọ́, wọn ò kàn bára tan. Ọ̀sán lọ̀kẹ́rẹ́ wa ń rìn, ẹyìn àti kòkó olóko ló ń bá jà, sugar glider ní tiẹ̀ òru ló ń jáde, ó ní awọ kan tó so ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, tó bá ti bẹ́ láti orí igi á na awọ yẹn bí ẹní ta aṣọ, atẹ́gùn á gbé e dé igi mìíràn, ó lè tó mítà 50 kó tó balẹ̀.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi nínú jù ni bó ṣe ń rí oúnjẹ. Á fi eyín ṣá èèpo igi eucalyptus lọ́gbẹ́, oje á máa sun, á máa lá a, tó bá tún dọjọ́ mìíràn á padà síbi ọgbẹ́ yẹn. Kí ni adẹ́mu ń ṣe lórí ọ̀pẹ tó yàtọ̀ síyẹn? Òótọ́ ni pé kò lo igbà, kò sì gbé akèrègbè kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Bá a ṣe rí adẹ́mu nínú dá ẹmu, ẹ jẹ́ ká rí adóje nínú dá oje. Àbúrò mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá sáré kà á á rò pé àádóje, ìyẹn 130, là ń sọ. Kò burú, ìwọ̀n ara ẹ̀ ò kúkú jìnnà sí gíráàmù 130.

Kì í ṣe oje nìkan o. Ó ń jẹ gọ́ọ̀mù igi acacia, ó ń lá omi òdòdó àti lẹ́búlẹ́bú ẹ̀, tí kòkòrò bá sì ti pọ̀ nígbà ooru, àfòpiná àti ọ̀bọ̀n-ùnbọ̀n-ùn ló ń dájú sọ. Honey possum, ọlọ́mọlápò mìíràn ní Ọsirélíà, ò tiẹ̀ jẹ kòkòrò, omi òdòdó àti lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ ni gbogbo oúnjẹ tiẹ̀, ẹran tí ò tó ogún gíráàmù báyìí.

Ẹ̀gbọ́n wa wá kọ "ìjẹun" fún ohun tó ń jẹ, wọ́n tún kọ "ìjẹun" fún bó ṣe ń wá a kiri. Níbẹ̀ ni mi ò ti gbà. Ṣebí a ní jẹ̀? Wọ́n ní ewúrẹ́ àti màlúù ló ni jẹ̀, torí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ koríko. Bùròdá ìyá mi tó jẹ́ ọdẹ lápá Ìjẹ̀bú-Igbó, tó bá fẹ́ dègùn, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí ẹran ti ń jẹ̀, ì báà jẹ́ ẹran ilẹ̀ tàbí ẹran orí igi. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ó ti wà tipẹ́. Ẹ wò ó báyìí: lóru ni adóje máa ń jẹ̀, oje àti kòkòrò ló ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi "ìjẹun" yín kọ gbólóhùn yẹn ká rí i.