Ìdá Ìjẹ́pè ni, Kì í Ṣe Ìwọ̀n Ìtẹ́wọ́gbà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kan dá fún ohun tí àwọn awakọ̀ áàpù, àwọn tí èrò ń fi fóònù béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, ń pè ní acceptance rate, ìyẹn iye ìpè tí awakọ̀ jẹ́ nínú àwọn tó wọlé fún un, mo sì ti ka gbogbo oríyìn tí ẹ kó lé e lórí. “Ìwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà” ni ẹ̀gbọ́n pè é. Wọ́n ní ó dùn létí, wọ́n ní ó bá gírámà mu, wọ́n sì ní kí a gbà á wọlé kí ọ̀rọ̀ ó tán. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí irun funfun, ó dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó ń júwe kọ́ ni nọ́ńbà tó wà lójú fóònù awakọ̀. Bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan, ewé tó kù nínú ti ẹ̀gbọ́n yìí kò sì kéré rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí nọ́ńbà náà ń kà. Nígbà tí èrò bá béèrè ọkọ̀, áàpù a wá awakọ̀ kan tí kò jìnnà sí i, fóònù awakọ̀ a dún, ìsọfúnni díẹ̀ a sì yọ lójú rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó pòórá. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ó ti jẹ́ ìpè náà nìyẹn. Bí ó bá kọ̀ ọ́, kò jẹ́ ẹ. Bí ó bá sì kàn ń wò ó títí àkókò fi tán, wọ́n á kà á pé kò jẹ́ ẹ náà ni, nítorí áàpù kì í ya ẹni tó kọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó dákẹ́; ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lọ́dọ̀ Uber àti Lyft, ilé-iṣẹ́ áàpù ọkọ̀ méjì, 100 ìpè tó kẹ́yìn ni wọ́n ń wò, wọ́n á ka iye tí awakọ̀ jẹ́ nínú wọn, wọ́n á sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 80 nínú wọn, 80 ni yóò rí. Nọ́ńbà yẹn kò sọ pé awakọ̀ náà jẹ́ ènìyàn rere, kò sọ pé iṣẹ́ náà wù ú, kò tilẹ̀ sọ pé ó dé ọ̀dọ̀ èrò náà.

Ẹ wá gbé “tẹ́wọ́ gbà” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó tẹ́ ọwọ́ ti ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ohun tó ń bọ̀ ti wọ̀ ọ́ lójú kó tó dé. Ìgbìmọ̀ a máa tẹ́wọ́ gba àbá, ará ìlú a máa tẹ́wọ́ gba olórí tuntun. Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí áàpù, ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kí ó ru orúkọ yìí, ìyẹn sì ni ìràwọ̀ tí èrò ń fún awakọ̀, tí Uber ń ṣe ìpíndọ́gba rẹ̀ láti inú 500 tó kẹ́yìn, tí Lyft sì ń ṣe tirẹ̀ láti inú 100 tó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti ń tẹ́wọ́ gba ènìyàn. Bí a bá wá gbé orúkọ náà fún nọ́ńbà mìíràn, kí ni a ó máa pe ti ìràwọ̀? Ẹ fi ojú inú wo awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sọ fún pé ìtẹ́wọ́gbà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Yóò rò pé àwọn èrò ti fẹjọ́ òun sùn ni, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í nu àga ọkọ̀, yóò máa rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò máa béèrè bóyá atẹ́gùn inú ọkọ̀ tutù jù, ìpè yóò sì máa kọjá lọ lójú fóònù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń jò jáde nínú ìkòkò rẹ̀.

Ohun tí èmi ń sọ ni pé “jẹ́” ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó tọ́, kí a sì pe nọ́ńbà náà ní ìdá ìjẹ́pè. Bí àgbà bá pe ọmọ tí ó gbọ́ tí ó sì dákẹ́, wọ́n á ní “mo pè é, kò jẹ́.” Bí ó bá dáhùn tí kò sì jáde, wọ́n á ní “ó jẹ́, kò yọjú.” Àwọn àgbà tó fi èdè lé wa lọ́wọ́ ti ya jíjẹ́ àti yíyọjú sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí fóònù, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni áàpù sì ń lò. Lọ́dọ̀ Uber, awakọ̀ tó jẹ́ ìpè tán tó wá fagi lé e kò pàdánù ohunkóhun nínú ìdá ìjẹ́pè rẹ̀. Ìdá ìfagilé rẹ̀ ló ń gòkè, nọ́ńbà mìíràn tó dá dúró láyè ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n pa méjèèjì pọ̀, nítorí ta ló ń tẹ́wọ́ gba nǹkan lónìí tí yóò sọ ọ́ nù kí ó tó débẹ̀?

Ohun kan tún wà tó mú mi bínú sí “tẹ́wọ́” yìí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ tó wà láàárín Uber àti àwọn awakọ̀ kan. Nínú ohun tí àwọn adájọ́ gbé yẹ̀ wò ni pé ilé-iṣẹ́ náà ń ṣọ́ iye ìpè tí awakọ̀ ń jẹ́ àti iye tí ó ń fagi lé, àti pé ẹni tí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù a máa gba ìkìlọ̀, bí kò bá sì tún un ṣe, wọ́n á ti í síta kúrò lórí áàpù fún ìṣẹ́jú 10. Ilé ẹjọ́ ka èyí mọ́ àwọn àmì tó fi hàn pé awakọ̀ wà lábẹ́ ìdarí, wọ́n sì dá a láre pé òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n lè ti síta nítorí pé kò dáhùn, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó tẹ́wọ́? Ó jẹ́ ìpè ni. Èèyàn lè jẹ́ ìpè tìfẹ́tìfẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹ pẹ̀lú ìkùnsínú. “Jẹ́” gba méjèèjì láìṣègbè.

Àbúrò kan dáhùn pé “jẹ́” ti ní ìtumọ̀ pọ̀ jù, pé orúkọ ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, ènìyàn sì ń jẹ́ olówó tàbí tálákà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìpè tó tẹ̀ lé e ti sọ èyí tí a ń wí. Ó tún ní etí lè gbọ́ “èpè” nínú “ìjẹ́pè.” Èpè kì í ṣe ohun tí à ń jẹ́, èpè a máa jà ni, ẹni tó bá sì gbọ́ èpè níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ awakọ̀ ní ohun tó ń bá a jà tẹ́lẹ̀. Ibi tí mo ti fara mọ́ ọn ni ti àmì ohùn. Bí a bá yọ àmì òkè kúrò lórí “jẹ́,” ó di ọ̀rọ̀ oúnjẹ, a sì ti wà ní ẹ̀bá “àpèjẹ” nìyẹn. Ẹni tí yóò bá lo ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ fi àmì sí i, àwáwí pé bọ́tìnnì fóònù kò ní àmì kò sì wọ̀ mí létí mọ́.

Ẹlòmíràn tó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sọ pé “ìjípè” ló yẹ kí a kọ, níwọ̀n ìgbà tí “jẹ́ iṣẹ́” ti di “jíṣẹ́.” Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ nǹkan. “Ṣe iṣẹ́” di “ṣiṣẹ́,” fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-orúkọ ló sì dúró. Ṣùgbọ́n “ka ìwé” di “kàwé,” “pa iná” di “paná,” “ṣe ìdájọ́” di “ṣèdájọ́,” nínú gbogbo wọn “i” ló wọlẹ̀. Kò sí òfin kan tó de méjèèjì pọ̀, ohun tó bá rọ ẹnu ló ń borí. “Jẹ́pè” ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kí “jẹ́” hàn gbangba. Bí ọ̀gá bá fẹ́ kọ ìjípè sínú ìwé tirẹ̀, èmi kò ní pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ní kí n mú jáde, mo ń wa ọkọ̀ yìí, nọ́ńbà tí a ń wí sì wà lójú fóònù mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ó ku “ìwọ̀n.” Ohun tí a ń rọ tàbí tí a ń gbé sórí òṣùwọ̀n là ń mọ ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí a bá pín ló ní ìdá. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìdá ni yóò béèrè pé ìdá nínú kí ni, ìbéèrè yẹn ló sì ṣe pàtàkì jù lọ fún awakọ̀, nítorí 100 yẹn kò dúró sójú kan. Bí ìpè kan bá wọlé, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn a bọ́ síta. Bí awakọ̀ bá jẹ́ ìpè tuntun, tí èyí tó bọ́ síta sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti jẹ́, nọ́ńbà kò ní mì. Bí èyí tó bọ́ síta bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ̀, nọ́ńbà a fi ẹyọ kan gòkè. Ìdí nìyí tí awakọ̀ kan fi lè máa ráhùn pé òun ti jẹ́ gbogbo ìpè láti àárọ̀, síbẹ̀ 80 kò kúrò ní 80: àwọn tí ó kọ̀ ṣì wà láàárín, wọn kò tíì kan ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá kàn án, bí mẹ́wàá bá tẹ̀ lé ara wọn jáde tí ó sì jẹ́ mẹ́wàá tó rọ́pò wọn, 80 á di 90, yóò sì rò pé áàpù ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ràn òun ni. Ọ̀rọ̀ náà “ìwọ̀n” kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí.

Àwọn kan tún ti ń so “ìtọpasẹ̀” mọ́ ọn, wọ́n ń kọ “ìtọpasẹ̀ ìwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà,” ọ̀rọ̀ tí ẹnu yóò ti rẹ awakọ̀ kó tó pè é tán. Ohun tó ti lọ la ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ìdá ìjẹ́pè ṣì wà níwájú wa, à ń ṣọ́ ọ ni. Ẹni tó ní “ìṣọ́” jọ ti òru, ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lóru.

Bí a ṣe ń ṣọ́ ọ kò sì le. Kí awakọ̀ wo nọ́ńbà náà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti nígbà tó bá ń parí, kí ó má fi ìpè kọ̀ọ̀kan dá ara rẹ̀ láàmú. Bí ó bá fẹ́ jẹun, tàbí kí ó ra epo, tàbí kí ó sinmi, kí ó kúrò lórí áàpù pátápátá, nítorí ìpè tó bá dún tí kò rí ẹni jẹ́ ẹ ti wọ inú 100 nìyẹn. Bí èrò bá ṣì wà nínú ọkọ̀ tí ìpè mìíràn sì ń wọlé, àwọn áàpù kan ní ibi tí a ti lè dá ìpè tuntun dúró. Ó sàn kí a lò ó ju kí a máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Kí ó sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ Uber, ìpè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun nìkan ni wọ́n ń kà. Èyí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ awakọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tó bá yá mú un, kò sí nínú ìṣirò.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yóò ní nọ́ńbà gíga dára, pé ìdí nìyẹn tí òun fi fún un ní orúkọ rere. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó ń jẹ́ gbogbo ìpè yóò wa ọkọ̀ rìn jìnnà láìgba kọ́bọ̀ lọ sọ́dọ̀ èrò tó fẹ́ lọ sí ìkángun òpópónà kejì, epo yóò sì jó ju owó tó wọlé lọ. Ẹni tí tirẹ̀ wà nílẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó mọ ìpè yàn. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kan so àǹfààní mọ́ nọ́ńbà náà, nítorí náà kálukú ni yóò ṣírò ohun tí òun ń pàdánù ní ọ̀tún àti ohun tí òun ń jèrè ní òsì. Iṣẹ́ tiwa ni kí a fún un ní orúkọ tí kò ní gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́, tí kò sì ní gbè sẹ́yìn awakọ̀.

Àtakò kan ṣoṣo tí mo rò pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti arábìnrin tó rán wa létí pé èrò náà a máa pe awakọ̀ lórí aago láti béèrè pé ó kù díẹ̀ àbí ó kù púpọ̀, pé ìpè ni ìyẹn náà, awakọ̀ sì lè jẹ́ ẹ tàbí kó má jẹ́ ẹ. Mo ní kí a máa pe ìyẹn ní aago lásán, wọ́n ní ènìyàn kì í jẹ́ aago, gbígbé ni à ń gbé e, a kò sì tíì parí rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó lè ya ìpè áàpù kúrò lára ìpè aago, kó mú un wá. Kó ṣáà má fi “tẹ́wọ́” sí i.