"Adásí" kọ́ ni ọmọ ilé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n tó dá "adásí" lábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní ohun tó yẹ ká máa pe ẹni tó ti fi páswọ́ọ̀dù wọlé sórí sáfà ímeèlì (kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà tó sì ń fi í ránṣẹ́) nìyẹn, tí sáfà kò sì ní fi ìwé ìdènà àwọn afiṣẹ́-àwúrúju-ránṣẹ́ (àwọn tó ń fi spam ránṣẹ́) yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ ó ń purọ́ mọ́ni. Ẹni tí wọ́n dá sí ti dé ẹnu ikú tàbí ẹnu ìyà kí wọ́n tó ṣíjú àánú wò ó. Ẹni tó bọ́ nínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Lọ́kọ́ja ló ń sọ pé "Ọlọ́run ló dá mi sí."

Ẹ gbọ́ tèmi. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ilé ni mo wà ní Kubwa, iná ti lọ, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ dátà fóònù, mo fẹ́ fi ìwé owó kan ránṣẹ́ sí oníbàárà. Sáfà ọ́fíìsì wa, tó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mò ń tọ́jú ẹ̀, dá lẹ́tà náà padà pẹ̀lú nọ́ńbà 554, ìyẹn ni pé ó kọ̀ ọ́. Wọ́n ní nọ́ńbà IP mi, èyí tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, wà nínú PBL, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìdènà Spamhaus, àjọ tó ń gbógun ti spam. Kí sì ni PBL ń sọ? Kò sọ pé ẹnikẹ́ni jalè. Ó ní irú nọ́ńbà tí fóònù àti ilé ń lò báyìí kò gbọdọ̀ máa gbé lẹ́tà lọ kan ilẹ̀kùn sáfà onísáfà ní ẹnu ọ̀nà (port) 25. Kó lọ bá sáfà tirẹ̀, kó fi páswọ́ọ̀dù wọlé ní ẹnu ọ̀nà 587, èyí tí wọ́n ti là sílẹ̀ láti 1998. Ohun tí mo sì ń ṣe gan-an nìyẹn!

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Postfix, ètò tó ń darí lẹ́tà lórí sáfà wa, máa ń ka òfin láti òkè wá sílẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ dájọ́ ló parí ẹ̀. Mo ti kọ reject_rbl_client (òfin tó ń lé ẹni tó wà nínú ìwé ìdènà) ṣáájú permit_sasl_authenticated (òfin tó ń gba ẹni tó ti fi páswọ́ọ̀dù wọlé láàyè). Mo pààrọ̀ àyè wọn, lẹ́tà lọ. Ṣé wọ́n dá mi sí ni? Rárá o, ẹjọ́ mi ò dé ilé ẹjọ́ rárá.

Ẹni tó mú "ìrékọjá" wá dípò "adásí" náà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, nínú Bíbélì kan náà ó sì tún túmọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ wo máígáàdì ẹsitéètì. Nọ́ńbà mọ́tò tí kò gbọdọ̀ wọlé wà nínú ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ọmọ ilé bá wọ takisí dé lóru, tí nọ́ńbà takisí náà wà níbẹ̀ ńkọ́? Máígáàdì tó bá wo nọ́ńbà kó tó wo ojú yóò dá ìjà sílẹ̀.

Àyẹ̀wò tí sáfà ń fi ìwé ìdènà ṣe gan-an la ò tíì fún lórúkọ tó tọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àyẹ̀wò àlejò." Tí a bá ti pè é bẹ́ẹ̀, a ò nílò orúkọ kankan fún ẹni tí a yọ sílẹ̀: àyẹ̀wò àlejò kò kan ọmọ ilé. Ẹnìkan á ní olè lè jí páswọ́ọ̀dù. Òótọ́ ni, àmọ́ iye lẹ́tà tó ń jáde ní wákàtí kan ló máa tú u fó, kì í ṣe ìwé nọ́ńbà.

Ní ti "ìwé dúdú" tí àwọn kan fi ń túmọ̀ "blacklist," ẹ má jẹ́ ká bá Òyìnbó sọ dúdú di ohun burúkú. Èdè tó ní adúmáadán ni tiwa. "Ìwé ìdènà" ni mo kọ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà ọ́fíìsì wa, pẹ̀lú "ọmọ ilé" lábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé wa kà á, kò béèrè ohunkóhun.